Ihò HDMI Tó Ń Jóná: Bí A Ṣe Ń So Ẹ̀rọ Mọ́ Tẹlifíṣọ̀n Ilé, Tí A Sì Ń Fi Rímóòtù Darí Wọn

Ìwé pélébé yìí wà fún agboolé àti fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àgbẹ̀ tó ń fi tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo wo dìkódà, DVD àti fídíò ẹ̀kọ́ oko. A ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń tan tẹlifíṣọ̀n. Ihò HDMI tó ń jóná káàkiri ló mú wa kọ ọ́. HDMI ni ihò pẹlẹbẹ ara tẹlifíṣọ̀n tí wáyà kan ṣoṣo fi ń gbé àwòrán àti ohùn wọlé. Tẹlifíṣọ̀n á ṣì máa tàn, áńtẹ́nà rẹ̀ á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ihò HDMI kan tàbí gbogbo wọn á máa kọ No Signal. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ihò lásán ló bàjẹ́, áísíì (ègé dúdú kékeré tó ń ṣiṣẹ́) orí bọ́ọ̀dù inú tẹlifíṣọ̀n ló lọ. Atúnṣe tó bá ní ihò nìkan lòun fẹ́ pààrọ̀, ẹ kọ́kọ́ ní kó yẹ bọ́ọ̀dù wò.

Ohun kan náà la ń rí lójoojúmọ́. Wọ́n á fa wáyà dìkódà yọ, wọ́n á ki ti DVD bọ̀ ọ́, púlọ́ọ̀gì gbogbo ṣì wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn ti pa á. Rímóòtù kò pa tẹlifíṣọ̀n o, ó kàn kùn ún lóorun ni. Iná pupa kékeré tó ń tàn nísàlẹ̀ yẹn, ó ń sọ fún yín pé iná ṣì ń wọlé.

Àwọn tó ṣe HDMI ní a lè yọ ọ́, ká sì kì í bọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ̀rọ wà ní títàn. Òótọ́ ni, nínú ilé tí éàtì rẹ̀ (wáyà tó ń gbé iná tó ṣìnà lọ sínú ilẹ̀) pé. Mélòó ló pé nínú ilé wa? Níbi tí kò bá sí éàtì, irin ara dìkódà àti irin ara tẹlifíṣọ̀n lè gbé iná díẹ̀ tí kò dọ́gba. Òun ló máa ń ta yín lọ́wọ́ bí ẹ bá kan ẹ̀yìn dìkódà. Ẹsẹ̀ 19 tín-ín-rín ló wà nínú ihò HDMI, iná kékeré yẹn sì tó láti pa áísíì tó wà lẹ́yìn wọn. Èyí tó burú jù ni ilé tí tẹlifíṣọ̀n wà lórí jẹnẹrétọ̀, tí dìkódà wà lórí ínfátà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Orí iná kan náà ni kí gbogbo wọn wà, lára bọ́ọ̀dù sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Bí ó bá sì ta yín gidi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé yìí mọ́, ẹ pe oníná.

Bí a ṣe ń so ó

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì tẹlifíṣọ̀n, ti dìkódà, ti DVD àti ti soundbar (sípíkà gígùn tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n) kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wọn la wí. Ẹ tú wáyà dísìì kúrò lẹ́yìn dìkódà, nítorí ìta ló ti ń wọlé. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 2. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹnu wáyà HDMI: ojú kan fẹ̀, ojú kejì há. Ẹ jẹ́ kó bá ihò mu, kẹ́ ẹ tì í wọlé tààrà. Bí kò bá wọlé, ẹ̀yìn ló kọ síwájú, ẹ má fipá ṣe é.

Ẹ dá wáyà dísìì padà kó tó di pé ẹ tan dìkódà. Dìkódà ń gba inú wáyà yẹn fún orí dísìì ní 13V tàbí 18V. Bí okùn bàbà àárín bá kan irun wáyà tó yí i ká nígbà tí iná wà níbẹ̀, dìkódà lè bàjẹ́. Kí bàbà àárín yọ jáde bíi mílímítà 3, kí irun kankan má sì yọ orí. Nígbà náà ni kẹ́ ẹ ki púlọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣọ̀n ṣáájú, àwọn yòókù tẹ̀lé e.

Wáyà HDMI mítà 1.5 tàbí 2 ti tó. Bó bá ju mítà 5 lọ, àwòrán 4K (èyí tó mọ́ kedere gan-an) lè máa já.

Ìdí tí ẹ kò fi ní fa wáyà mọ́

Kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀, kó má sì kúrò níbẹ̀. Bọ́tìnì Source tàbí Input lára rímóòtù lẹ ó fi máa yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́ wò. Bí ihò bá jẹ́ 2, tí ẹ̀rọ jẹ́ 3, ẹ fi DVD sí AV (pupa àti funfun fún ohùn, yẹ́lò fún àwòrán) tàbí kẹ́ ẹ ra switch HDMI oníhò 3 (àpótí kékeré tó ń so ẹ̀rọ mẹ́ta mọ́ ihò kan). Bí AV bá ń gbé ohùn láìsí àwòrán, ẹ wò ó bóyá ihò aláwọ̀ ewé ni tẹlifíṣọ̀n yín fi ń gba wáyà yẹ́lò.

Rímóòtù tẹlifíṣọ̀n lè darí àwọn ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. CEC lorúkọ ohun tó ń ṣe é, ẹsẹ̀ kẹtàlá nínú HDMI ló sì ń gbà. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló fún un lórúkọ tirẹ̀: Anynet+ lára Samsung, SimpLink lára LG, Bravia Sync lára Sony, EasyLink lára Philips. Inú Settings lẹ ó ti wá a. Ẹ tan án lára tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ ẹ sì tan án lára ẹ̀rọ kejì. Ìhà kejì yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, tí wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́. Bó bá gbà, bọ́tìnì ọfà, OK àti Play á máa darí ẹ̀rọ tí ẹ ń wò, gbogbo wọn á sì kú pa pọ̀ bí ẹ bá pa tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹ bá fẹ́ kí dìkódà máa gba ètò sílẹ̀ lọ nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ti kú, ẹ pa apá tó ń pa wọ́n pọ̀ yẹn nìkan nínú Settings.

Àwọn dìkódà kan kò mọ CEC rárá, ẹ má fi ipá wá a lára wọn. Switch olówó pọ́ọ́kú àti wáyà tí wọn kò so ẹsẹ̀ kẹtàlá rẹ̀ á dí i lọ́nà. Bí CEC bá ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tó wá dákẹ́ lẹ́yìn tí iná lọ tó sì dé, ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì fún ìṣẹ́jú 5, kẹ́ ẹ tún un tàn, tẹlifíṣọ̀n ṣáájú.

Ihò tí wọ́n kọ ARC sí lára (òun ló ń gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n jáde) ni soundbar ń lọ, kì í ṣe èyíkéyìí. CEC gbọ́dọ̀ wà ní títàn. Bí kò bá sí ohùn, ẹ lọ sí Sound, kẹ́ ẹ yan PCM.

Fíláàṣì àti fídíò ẹ̀kọ́

Ẹ fọ́máàtì fíláàṣì sí FAT32 (ọ̀nà kan tí fíláàṣì fi ń to fáìlì) kẹ́ ẹ tó kó fídíò sí i. Fọ́máàtì yìí ń pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ kó wọn síbòmíràn. FAT32 kò gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB. MP4 oní-H.264 (irú fáìlì fídíò kan) ni tẹlifíṣọ̀n púpọ̀ ń kà. Kẹ́ ẹ tó yọ fíláàṣì, ẹ jáde kúrò nínú fídíò. Ẹni tó bá já a gbà nígbà tí fídíò ń lọ, kó má bínú bí àwọn fáìlì bá di jàgídíjàgan.

500 mA (ìdajì 1A) ni ihò USB 2.0, ihò tí fíláàṣì ń wọ̀, ń fún ẹ̀rọ. Ẹ má fi gba ṣáàjì fóònù, ẹ má sì fi gbé igi HDMI (ẹ̀rọ kékeré bíi fíláàṣì tí a ń ki bọ ihò HDMI) tó ní 5V 1A ni òun fẹ́. Á máa kú, á máa jí. Ṣájà rẹ̀ tó bá a wá ni kẹ́ ẹ lò.

Bí òjò bá ń ṣú

Púlọ́ọ̀gì tẹlifíṣọ̀n nìkan ni wọ́n ń yọ, tí wáyà dísìì sì wà lẹ́yìn dìkódà. Iná àrá lè gba wáyà yẹn wọ dìkódà, kó sì gba HDMI wọ tẹlifíṣọ̀n. Púlọ́ọ̀gì àti wáyà dísìì ni kẹ́ ẹ yọ, áńtẹ́nà náà pẹ̀lú, kí òjò tó dé. Bí àrá bá ti ń sán, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà kankan.