Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Ráàkì Amplifier

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn àti gbọ̀ngàn ayẹyẹ wa, ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ni ráàkì onírin tí a to àwọn amplifier (ẹ̀rọ tí ń mú kí ohùn ròkè) sí máa ń wà, àwọn géńdé inú ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n sì sábà máa ń ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun sínú rẹ̀. Ojú kọ́bọ́ọ̀dù lásán ni wọ́n fi ń wò ó, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ó bá ti ṣófo ni wọ́n ń ki ẹ̀rọ sí, láìbìkítà bí ó ṣe wúwo tó. Amplifier àtijọ́ tí transformer ńlá wà nínú rẹ̀ lè wọn kílò 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá gbé méjì irú rẹ̀ sókè tí ìsàlẹ̀ sì ṣófo, kí táyà ìdí ráàkì náà ṣáà ti kọ ẹnu ọ̀nà ni, yóò dojú dé. Ó ṣojú mi rí. Ọpẹ́lọpẹ́ ògiri tí ó gbà á dúró, ẹsẹ̀ ẹni tí ó ń fà á níwájú ni ì bá já lé. Ìsàlẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, kí UPS (ẹ̀rọ oníbátìrì tí ń gbé iná ró bí iná bá lọ) wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí a sì kọ́kọ́ yọ bátìrì inú rẹ̀ kí ẹni méjì tó jọ gbé e.

Síkúrúù mẹ́rin tí ó wà níwájú kò tó fún ẹ̀rọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo, pàápàá bí a bá ń gbé ráàkì náà kiri nínú ọkọ̀ lórí títì oníkòtò. Kí irin wà lẹ́yìn tí yóò gbé e ró. Bí èékánná bá ti lè wọ àárín amplifier kan àti èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní apá kan, tí kò sì lè wọ apá kejì, etí irin rẹ̀ ti ń tẹ̀ nìyẹn.

Ní ti iná, fíúsì inú pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wa kì í ju 13A lọ; lórí iná fóòtì 230, èyí kò pé wáàtì 3,000. Síbẹ̀, extension kan ṣoṣo ni wọn yóò fi gbé amplifier mẹ́ta, mixer tí a fi ń da ohùn pọ̀, dùùrù àti fáànù, bí fíúsì bá sì jó, wọn yóò fi bébà dídán inú páálí sìgá wé e. Iṣẹ́ fíúsì ni pé kí ó jó kí wáyà extension má baà jó. Ẹni tí ó wé e bẹ́ẹ̀ ti sọ wáyà extension di fíúsì. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ ná, nítorí iná fóòtì 120 ni wọ́n ń lò níbẹ̀.

Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni wáyà ilẹ̀. Sípíkà á máa kùn ṣáá, ẹnì kan á tú pílọ́ọ̀gì, á gé wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, ariwo á sì dáwọ́ dúró, gbogbo ènìyàn á kí i kú iṣẹ́. Ohun tí ó sábà máa ń fa kíkùn náà ni pé ojú iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mixer àti ráàkì ti ń mu iná, tí wáyà ilẹ̀ wọn sì tún pàdé nínú okùn ohùn. Lẹ́yìn tí a bá ti gé e, bí wáyà iná bá fara kan páànù amplifier, gbogbo ráàkì náà lè gbé iná, títí dé ẹnu gbohùngbohùn tí akọrin fi ọwọ́ olóòógùn dì mú. Kí mixer àti ráàkì mu iná láti ojú kan náà. Bí ó bá sì ṣì ń kùn, okùn ohùn ni kí a fi DI box (àpótí kékeré tí ó lè já ìsopọ̀ ilẹ̀ inú okùn ohùn) sí, kí a má ṣe fọwọ́ kan wáyà ilẹ̀.

Bí a bá ń yí iná sí jẹnẹrétọ̀, kí a ti pa àwọn amplifier ná. Bí iná bá sì dúró dáadáa, kí a tan mixer ṣáájú, kí a wá máa tan wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe mìíràn ni aṣọ tí àwọn tí ń ṣe pẹpẹ lọ́ṣọ̀ọ́ máa ń fi bo ráàkì kí ó lè bá àwọ̀ kọ́tìnì mu. Ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà ni wọ́n ń dí. Bí ojú kò bá fẹ́ rí ráàkì náà, kí a gbé e lọ sí ibòmíràn.