Bí mo ṣe gbé tánkì omi wa kúrò lórí pákó

Orí pèpéle onípákó tí bàbá mi ti máa ń gba atẹ́gùn lẹ́yìn ilé wa l'Adó-Èkìtì la gbé tánkì tuntun náà lé. Nígbà tó ṣófo, ọmọkùnrin méjì ló gbé e. Ìyẹn ló tàn wá jẹ. Bí omi ṣe ń kún un, igi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, òpó kan sì ń rì wọlẹ̀.

Mo pa ẹ̀rọ, mo tú omi náà dà kíá. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣe ìṣirò. Lítà omi kan wọn kílò 1. Lítà 2,000 jẹ́ kílò 2,000, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì 40, lójú kan ṣoṣo! Ta ni yóò to ìyẹn sórí pákó?

Bíríkìlà wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, èèyàn ni pákó yìí lè gbà, kò lè gba omi." A gbẹ́lẹ̀ títí a fi kan ilẹ̀ líle (òkúta kì í jìnnà ládùúgbò wa), a ri òpó kọnkéré onírin mẹ́rin, a sì da kọnkéré pẹrẹsẹ lé wọn lórí. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́jú dáadáa, torí bí ìdí tánkì ike bá rọ̀ sí àlàfo, ó lè sán.

Ọjọ́ 28 ni mo fi dúró kí kọnkéré náà le. Màmá mi ń pọn omi ní gbogbo àsìkò yẹn, mo sì ń bẹ̀ wọ́n. Ìdajì ni mo kọ́kọ́ fa sí i, mo yẹ àwọn òpó wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí èyí tó yẹ̀. Mo wá fà á kún. Bàbá ti padà sórí pèpéle wọn.