Bí ẹ bá fẹ́ ra kora ní Gáḿbíà

Ẹ̀yin ará, àwọn tó ń ṣe kora, ohun èlò orin olókùn tí a fi igbá tí a fi awọ bò ṣe, wà ní ìlú Brikama, ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú lásán rà á. Okùn 21 ló yẹ kó ní. Ẹ fi ìka pa ẹ̀yìn igbá rẹ̀ yíká. Bó bá ti sán, bó ti wù kó kéré tó, ẹ fi í sílẹ̀, torí okùn wọ̀nyẹn ò ní yéé fà á. Òrùka awọ tí a fi ń so okùn lẹ́wà lọ́rùn kora lóòótọ́, àmọ́ ó le láti fi tún ohùn ṣe. Èyí tó ní èèkàn tí a ń lọ́ ló dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ fi bírò sàmì síbi tí igi tó gbé okùn ró dúró sí lórí awọ tó bo igbá. Ẹ dẹ gbogbo okùn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá tẹ́ igi náà sílẹ̀. Bí ẹrù bá wó lu igi náà níbi tó wà lóròó, ó lè dá awọ lu.