Bí mo ṣe yan ẹ̀fọ́ àti ewé tí mo gbìn sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Àjàṣẹ́

Ojú ọjọ́ àti ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó lọ ra irúgbìn ní ọjà Ouando. Etí ọ̀sà ni Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, wà, nítorí náà ọ̀rinrin kì í tán nínú afẹ́fẹ́ wa, kódà nígbà tí òjò kò bá rọ̀. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje ni òjò ńlá máa ń rọ̀, ooru kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù lóru. Ohun ọ̀gbìn tó bá ń fẹ́ òru tútù kò lè ṣe dáadáa lásìkò yìí.

Ìdí nìyí tí mo fi sún sàláàdì, kárọ́ọ̀tì àti pasílì síwájú di ìgbà ọyẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti gbóná ju ìwọ̀n 30 °C lọ, irúgbìn sàláàdì kì í hù dáadáa, èyí tó bá sì hù yóò tètè yọ òdòdó, ewé rẹ̀ yóò korò. Tòmátì ni ó ṣòro fún mi jù láti fi sílẹ̀, nítorí kò sí ọbẹ̀ tí a kì í fi í sè. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà nínú ilẹ̀ tó máa ń mú un rọ lójijì nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ọ̀rinrin àti ooru ló sì ń fún àrùn náà lágbára. Ilá ni mo gbìn dípò rẹ̀.

Ìyá àgbà kan tí wọ́n ń ta irúgbìn bi mí pé, “Ọmọ mi, kí ló wà lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀?” Mo dá wọn lóhùn pé, “Ṣọkọ ni, Ìyá.” Wọ́n ní kí n lọ fa èyí tó kù níbẹ̀ tu, kí n wo gbòǹgbò rẹ̀. Mo fà á tu lóòótọ́, mo sì rí kókó wẹ́wẹ́ tó tò sára gbòǹgbò náà bí ìlẹ̀kẹ̀. Aràn tíntìntín tí ojú kò lè rí ló ń fa kókó yìí. Ó máa ń bá ṣọkọ, ewédú àti gbọ́mà jà gan-an, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ pa tẹ̀tẹ̀ lára. Bí mo ṣe mọ ohun tí n óò gbìn síbẹ̀ nìyẹn.

Tẹ̀tẹ̀ fẹ́ràn oòrùn, ó sì lè tó jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Òjò àrọ̀ọ̀dá jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ ńlá: ọ̀mùnú rẹ̀ yóò rà, irun wẹ́wẹ́ tí orí rẹ̀ dúdú yóò sì hù sí i lára. Nítorí èyí ni mo ṣe kọ ebè rẹ̀ ga, tí mo jẹ́ kí àyè wà láàárín wọn, tí mo sì ń bomi rin ín ní ìdí ní àárọ̀, kí ewé rẹ̀ lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa ni mo pò mọ́ ilẹ̀ pupa wa, tí òjò máa ń fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ.

Ibi tó rẹlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, tí omi kì í tètè fà, ni mo fi fún gbúre àti amúnútutù. Igi gbúre ni mo gé tí mo rì mọ́lẹ̀, ó sì mú láìsí wàhálà kankan. Mo ri ọ̀pá fún amúnútutù kí ó lè rí ohun gùn. Ilẹ̀ tuntun tí a kò gbin ṣọkọ sí rí ni mo wá fún ewédú. Èèpo irúgbìn rẹ̀ le púpọ̀, nítorí náà mo dì í sínú aṣọ, mo rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, mo gbé e sínú omi tútù, mo sì sá a kí n tó fọ́n ọn.

Efinrin wà nítòsí ilé ìdáná, mo sì máa ń já orí rẹ̀ kí ó tó tanná, kí ewé rẹ̀ má baà dín kù. Ewúro wà níbi tí omi kì í dúró sí, koóko ọba sì wà ní etí ebè gbogbo, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń di ilẹ̀ mú nígbà tí àgbàrá bá ń ṣàn.