Kí Ló Ń Jó Súmò Yín? Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Ẹ̀rọ Omi

Súmò méjì, ẹ̀rọ tí a ń rì sínú omi bọ́họ́ọ̀lù kó lè ti omi wá sókè, ló jóná mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọdún kan kí n tó gbà pé kì í ṣe ayé ló ń ṣe mí. Bí ọ̀pọ̀ onílé ṣe ń rò ni èmi náà ń rò: gbẹ́ bọ́họ́ọ̀lù, ra ẹ̀rọ, tan iná, omi á dé. Bàbá plọ́ńbà tó wá fa ẹ̀kejì yọ ló bi mí pé, "Lańlọ́ọ̀dù, báwo lomi yín ṣe jìn sí?" Mo ní n kò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá ra ẹ̀rọ báyẹn náà?"

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ti omi láti Ijú wọ Èkó. Nílùú Ìbàdàn tiwa, omi odò Ọ̀ṣun tí wọ́n sé ní Aṣéjìrè ni wọ́n ń tì wá sígboro. Omi wà nísàlẹ̀, òkè la ti fẹ́ lò ó, omi kì í sì í dá gun òkè. Nítorí náà, ẹ̀rọ á tì í lọ sínú àgbá ńlá níbi tó ga, láti ibẹ̀ á wá máa ṣàn wálẹ̀ wọ ilé onílé. Ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ kì í jẹ́ ẹyọ kan. Bí ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́, òmíràn á wà nílẹ̀ dè é. Kí wọ́n tó ra èyíkéyìí nínú wọn, ẹnì kan á ti jókòó ṣírò bí òkè yẹn ṣe ga tó. Nígbà tí omi ìjọba kò dé àdúgbò wa mọ́, kálukú sọ ilé rẹ̀ di iléeṣẹ́ omi. A ní ẹ̀rọ, a ní páìpù, a gbé tánkì sórí òpó. Kò sẹ́ni tó ṣe ìṣirò.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí a bá dé ọjà, "Ẹ fún mi ní wan họ́ọ̀sì" là ń sọ, bí ẹni ń ra ìrẹsì. Họ́ọ̀sì ń sọ agbára mọ́tò ni, 746 wáàtì ni ẹyọ kan. Kò sọ ibi tómi máa gùn dé. Ẹ yẹ ara ẹ̀rọ náà wò, ẹ máa rí H max àti Q max. H ni gíga, mítà ni wọ́n fi ń kà á. Q ni iye omi, lítà mélòó láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun tí ọlọ́jà kì í sọ ni pé nọ́ńbà méjèèjì kì í wáyé lẹ́ẹ̀kan náà. Tí gíga bá dé iye tí H max kọ, ẹ̀kán omi kan kò ní jáde. Iye omi tí Q max kọ, ìgbà tí ẹ̀rọ kò bá gbé omi gòkè rárá nìkan lẹ lè rí i. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 50 mítà sí lára, tí ẹ ní kó gbé omi dé 45, omi rẹ̀ á máa wá bí ìtọ̀ arúgbó.

Tèmi rèé. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ojú omi mi máa ń jìn tó 28 mítà sí ilẹ̀. Ẹnu tánkì ga ní mítà 8. Ó di 36. Mo fi 4 kún un fún ìdíwọ́ inú páìpù àti àwọn ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó di 40. Ẹ̀rọ tí mo wá lọ rà lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tí iye lítà tí mo fẹ́ ṣì ń jáde níbi 40 mítà. Àwòrán ìlà kan máa ń wà nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ gidi wá, òun ló ń fi èyí hàn. Tí ọlọ́jà kò bá ní in, ẹ lọ sí ìsọ̀ kejì. Ẹ sì rántí pé ojú omi la ti ń wọ̀n ọ́n. Ibi tí ẹ̀rọ rọ̀ sí nísàlẹ̀ omi kọ́.

Àwọn míì ní kànga tó jìn, wọ́n wá gbé ẹ̀rọ orí ilẹ̀ sídìí rẹ̀. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í fa omi bí a ṣe rò. Afẹ́fẹ́ inú páìpù ló ń kó kúrò, ìwúwo afẹ́fẹ́ ìta ló sì ń ti omi gòkè. Ìwúwo yẹn kò lè gbé omi ju bíi 10.3 mítà lọ. Torricelli ará Ítálì ti ṣàlàyé èyí láti 1644. Tí a bá yọ ti páìpù àti jíjò kúrò, mítà 7 ló kù tó ṣeé gbọ́kàn lé. Tí omi yín bá jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé họ́ọ̀sì mẹ́ta wá, ariwo lásán ló máa pa. Súmò ń rì sínú omi kó lè máa tì í láti ìsàlẹ̀, nítorí títì kò ní irú ààlà yẹn.

Ẹ jẹ́ n padà sórí èyí tó jó tèmi. Omi tó ń kọjá lára súmò ló ń mú mọ́tò rẹ̀ tutù. Tómi bá tán lára rẹ̀, iná ṣì ń wọlé, ooru kò sì ríbi gbà lọ. Orí àpáta ni Ìbàdàn wà. Inú àwọn sísán àpáta ni omi ti ń rọra sun jáde, kò dà bí iyanrìn etí òkun Èkó. Lóṣù kejì ọdún, bọ́họ́ọ̀lù mi lè fún mi lómi fún ogún ìṣẹ́jú, kó tó gbẹ títí wákàtí kan. Èmi á tan ẹ̀rọ, n á gba ọjà lọ. Mo ní flóótì nínú tánkì lókè, ìyẹn ohun tó ń léfòó tó sì ń pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tí omi bá kún, mo sì rò pé ó tó. Flóótì òkè kò jẹ́ kí tánkì kún àkúnwọ́sílẹ̀ ni; kò mọ̀ bóyá omi wà nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èyí tó ń ṣọ́ ìsàlẹ̀ sí i. Owó rẹ̀ kò tó owó tí wọ́n fi ń tún wáyà inú mọ́tò tó jó wé lẹ́ẹ̀kan.

Iná tí kò lágbára náà ń jó ẹ̀rọ. Tí iná tó yẹ kó jẹ́ 230 fóòtì (volt) bá ti di 160, mọ́tò á máa fa kọ́rẹ̀ǹtì jù kó lè gbé ẹrù kan náà, á sì máa gbóná. Ẹ pa á. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a sọ ní "I better pass my neighbour" kò ní jí wan họ́ọ̀sì, torí mọ́tò máa ń béèrè ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá fẹ́ gbéra.

Ẹ má fi páìpù tín-ín-rín ṣọ́ owó ná: tí a bá dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí ìdajì, tí iye omi kan náà ń gbà á, ìdíwọ́ inú rẹ̀ á di bí ìlọ́po 32. Ẹ má fi wáyà so súmò rọ̀, okùn ni kó gbé e. Plọ́ńbà tó ní kò sídìí fún fáàfù tí kì í jẹ́ kómi padà, ẹ wá ẹlòmíràn.

Níbi tí omi ìjọba ṣì ti ń dé, àwọn kan máa ń so ẹ̀rọ mọ́ páìpù ìjọba gan-an kí wọ́n lè kó tiwọn ṣáájú aládùúgbò. Agbára tí omi fi ń ti ara páìpù láti inú ni kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí wọlé. Nígbà tí ẹ̀rọ yín bá ń fà á, gbogbo ojú tó ń jò á yí padà, á máa mu ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sì mọ ibi tí páìpù wa ń gbà kọjá: inú gọ́tà. Inú tánkì ilẹ̀ ni kí omi ìjọba kọ́kọ́ já sí, kí ẹ̀rọ tó gbé e níbẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń sọ ẹ̀rọ oníbẹntiróòlù kalẹ̀ sínú kànga nítorí pé kò lè fa omi rẹ̀ láti òkè. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, inú kànga kò sì ní fèrèsé. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ẹ̀rọ á dákú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé e, òun náà á dákú síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti wà nísàlẹ̀ tí kò dáhùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé e. Ẹ pe 112. Àwọn panápaná ní ohun tí wọ́n fi ń mí níbẹ̀.