Bí Ẹ Ṣe Lè Wo Demon Slayer Láti Ìbẹ̀rẹ̀ Láìṣi Ọ̀nà

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Demon Slayer, eré àwòrán (anime) ilẹ̀ Japan, lónìí, ohun tó máa kọ́kọ́ da ojú rẹ̀ rú kì í ṣe ìtàn inú rẹ̀, àwọn àkọlé tó wà lórí rẹ̀ ni. Á rí sáà, á rí fíìmù, á rí fíìmù tí wọ́n gé sáà ṣe, orúkọ Mugen Train á sì yọ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí nọ́ńbà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí èèyàn bá kàn tẹ èyí tó wà lókè jù, ó lè já sí àárín ìjà tí kò mọ ohun tó fà á.

Ìtàn náà kò le. Tanjiro Kamado, ọmọkùnrin tó ń ta èédú, darí dé ilé, ó bá òkú ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀ nílẹ̀. Ànjọ̀nú ló pa wọ́n. Nezuko, àbúrò rẹ̀ obìnrin, nìkan ló ṣẹ́ kù, òun náà sì ti ń di ànjọ̀nú. Tanjiro wá lọ kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń fi idà pa ànjọ̀nú, kó lè wá ohun tó máa sọ àbúrò rẹ̀ di èèyàn padà. Ilẹ̀ Japan ni, láyé Taishō, ìyẹn láti 1912 sí 1926. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí ọkọ̀ ojú irin àti iná ìgboro ní Tokyo, tí àwọn tó gbé idà sì ní láti sá fún ọlọ́pàá, torí òfin ti ka idà gbígbé léèwọ̀ nígbà náà.

Bí ẹ ṣe máa tò ó nìyí:

1. Sáà kìíní, apá 26, oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. Níbòmíràn, ohun tí wọ́n kọ sí i ni Tanjiro Kamado, Unwavering Resolve Arc. Òun náà ni. Arc ni wọ́n ń pe ìpín kan nínú ìtàn.
2. Mugen Train, fíìmù ọdún 2020, ìṣẹ́jú 117.
3. Entertainment District Arc, apá 11, oṣù kejìlá 2021 sí oṣù kejì 2022.
4. Swordsmith Village Arc, apá 11, ọdún 2023.
5. Hashira Training Arc, apá 8, ọdún 2024. Hashira ni wọ́n ń pe àwọn onídà tó lágbára jù.
6. Infinity Castle, fíìmù ọdún 2025, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 35. Mẹ́ta ni fíìmù tí wọ́n pín ìparí ìtàn náà sí, èyí ni àkọ́kọ́.

Apá kan máa ń tó ìṣẹ́jú 24, àmọ́ àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn nínú nọ́ńbà 3, 4 àti 5 lókè yìí gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sún mọ́ wákàtí 29. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, ufotable, ló ṣe é látòkè délẹ̀, Haruo Sotozaki sì ni olùdarí rẹ̀, torí náà ẹ ò ní bá ìyàwòrán tó ṣàdédé yí padà pàdé láàárín ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ Mugen Train ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà jù. Ẹni tó ti wo Naruto tàbí One Piece ti mọ̀ pé fíìmù wọn sábà máa ń jẹ́ ìtàn ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá fò ó, kò sí ohun tó sọnù. Ti Demon Slayer kò rí bẹ́ẹ̀. Fíìmù náà jẹ́ ọ̀kan lára ìtàn gan-an, ó bọ́ sí àárín sáà kìíní àti Entertainment District. Apá 26 parí bí Tanjiro àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú irin, fíìmù sì gbà á láti ibẹ̀. Ẹni tó bá fò ó máa bẹ̀rẹ̀ Entertainment District láàárín àwọn tí ìbànújẹ́ bò mọ́lẹ̀, kò sì ní mọ ohun tó bà wọ́n nínú jẹ́.

Ní ọdún 2021, wọ́n tún gé fíìmù yìí sí apá méje fún tẹlifíṣọ̀n. Apá kìíní nínú méje yẹn jẹ́ tuntun pátápátá: iṣẹ́ tí Kyojuro Rengoku, ọ̀kan lára àwọn Hashira, ṣe kó tó wọ ọkọ̀ náà ló wà níbẹ̀. Apá kejì sí ìkeje ni fíìmù fúnra rẹ̀, tí wọ́n fi àwòrán díẹ̀ àti orin tuntun kún. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ wo apá kìíní ti tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ wá bọ́ sórí fíìmù, kí ẹ fi mẹ́fà yòókù sílẹ̀. Ìjà tó kẹ́yìn níbẹ̀ ń ga sókè díẹ̀díẹ̀ láìdúró. Tẹlifíṣọ̀n ń fi orin ìbẹ̀rẹ̀ àti orin ìparí já a, ooru rẹ̀ á sì lọ. Àmọ́ ẹni tí kò bá lè rí wákàtí méjì jókòó lẹ́ẹ̀kan, kó wo ti tẹlifíṣọ̀n. Èèwọ̀ kọ́ ni. Wíwo méjèèjì tẹ̀léra ló ń sú èèyàn.

Àwọn kan wà tí ẹ lè fò láìbẹ̀rù. To the Swordsmith Village tí wọ́n gbé jáde ní sinimá ní oṣù kejì 2023 kì í ṣe fíìmù tuntun: apá 10 àti 11 Entertainment District ni wọ́n so mọ́ apá kìíní Swordsmith Village. To the Hashira Training ti 2024 náà rí bẹ́ẹ̀, apá 11 Swordsmith Village àti apá kìíní Hashira Training ni. Wọ́n sì tún gé sáà kìíní sí ìdìpọ̀ márùn-ún, bíi Sibling's Bond àti Mt. Natagumo Arc. Ìdìpọ̀ ń yọ nǹkan kúrò kó lè kúrú. Ẹni tó ti wo sáà kìíní rí tó kàn fẹ́ rán ara rẹ̀ létí ló wúlò fún.

Ẹ jẹ́ ká ṣètò ẹ̀rọ kí ẹ tó tẹ apá kìíní.

Lórí Netflix tàbí Crunchyroll, àwọn ìkànnì tí ẹ ti lè wò ó, ẹ máa yan èdè tí wọ́n ń sọ àti ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀. Èdè Japan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀ ni mo máa dámọ̀ràn, torí ohùn Natsuki Hanae tó ṣe Tanjiro àti ti Hiro Shimono tó ṣe Zenitsu ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ìdajì eré náà. Tí ẹ bá wà lórí Netflix, ẹ má yan English CC mọ́ èdè Japan bí English lásán bá wà. CC sábà máa ń tẹ̀ lé ohun tí àwọn tó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì wí, kò sì bá ohun tí ẹ ń gbọ́ ní èdè Japan mu: ẹnu á ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ á ṣì máa jáde, tàbí kí ẹ máa rí àkíyèsí bíi "sighs" àti "door opens". Ìyẹn ni ẹ ó fi mọ̀ pé ẹ ti yan èyí tí kò yẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa autoplay, ìyẹn ètò tó ń gbé apá tó kàn wá fúnra rẹ̀. Lórí Netflix, inú ètò profaili yín ló wà, lábẹ́ playback settings. Ẹ yọ àmì kúrò níwájú autoplay next episode. Ìdí ni pé lẹ́yìn orin ìparí, wọ́n sábà máa ń fi ẹ̀fẹ̀ kékeré kan sí i tí wọ́n ń pè ní àṣírí ayé Taishō, níbi tí àwọn ẹ̀dá ìtàn ti ń sọ nǹkan nípa ara wọn tí ẹ ò ní gbọ́ níbòmíràn. Autoplay á ti gbé yín lọ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní apá 19 sáà kìíní ẹ̀wẹ̀, orin tí wọ́n fi parí rẹ̀, Kamado Tanjiro no Uta, ti wọ inú ìjà fúnra rẹ̀. Orúkọ àwọn òṣèré á ti máa kọjá, ìtàn á ṣì máa lọ. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Bákan náà ni orin Homura tí LiSA kọ sí ìparí fíìmù Mugen Train.

Ọ̀rọ̀ dátà ńkọ́? Ìṣirò Netflix fúnra rẹ̀ ni pé wákàtí kan lè jẹ tó 0.3GB ní ìpele tó kéré jù, 0.7GB ní ìpele àárín, àti 3GB ní HD. Sáà kìíní gùn tó wákàtí 10 àti díẹ̀, nítorí náà ẹ ṣírò bíi 3GB, tàbí bíi 7GB, tàbí 31GB. Ìpele tó kéré jù ní wàhálà tirẹ̀ nínú eré yìí ju nínú ọ̀pọ̀ eré mìíràn lọ. Òru ni ànjọ̀nú ń jáde, torí pé oòrùn ń jó wọn pa, nítorí náà inú òkùnkùn ni ìjà tó pọ̀ jù ti ń wáyé. Bí dátà bá kéré, òkùnkùn yẹn á fọ́ sí búlọ́ọ̀kù-búlọ́ọ̀kù, ẹ ò sì ní mọ ẹni tó gé ẹni. Ẹ lo ìpele àárín fún èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ wá wá wáífáì tó dáa tí ẹ máa fi dáńlóòdù àwọn wọ̀nyí ní HD: apá 19 sáà kìíní, fíìmù Mugen Train, àti apá 10 Entertainment District. Ẹ gbé iná fóònù sókè, kí ẹ pa iná yàrá.

Àwọn tó jáwọ́ sábà máa ń já a ní ibi méjì. Àkọ́kọ́ ni apá 3 sí 5, níbi tí Tanjiro ti ń kọ́ṣẹ́ lórí òkè tó sì ń ṣe ìdánwò. Ó falẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ní òpin apá 7 ní Asakusa, àdúgbò kan ní Tokyo, ẹ máa rí olórí àwọn ànjọ̀nú, Muzan Kibutsuji, lójúkojú, eré sì máa yí padà. Ibi kejì ni apá 11 sí 14, nígbà tí Zenitsu dé. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ẹkún rẹ̀ pọ̀, ó sì ń fẹ́ gbogbo obìnrin tó bá rí. Ó sú mi náà, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ ṣọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá dákú: ìgbà yẹn ni idà rẹ̀ ń jáde. Ẹ fún un ní ààyè títí dé apá 17. Ẹni tó bá dé apá 19 tí kò wú u lórí, ó lè fi eré náà sílẹ̀ láìkábàámọ̀. Kò sí ohun tó tún máa yí ọkàn rẹ̀ padà.

Àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí kò burú kí ẹ mọ̀ ṣáájú, kì í ṣe pé wọ́n á ba ìtàn jẹ́. Bí ẹ bá gé ànjọ̀nú lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀, ó máa hù padà. Ọrùn ni wọ́n ń gé, idà Nichirin tó ti gba oòrùn nìkan ló sì lè ṣe é. Oòrùn fúnra rẹ̀ náà ń pa wọ́n, òdòdó wisteria sì jẹ́ májèlé fún wọn. Omi tàbí iná tó ń tẹ̀ lé idà nígbà tí wọ́n bá ń lo Èémí Omi tàbí Èémí Iná, ìyẹn ọgbọ́n ìjà tí àwọn onídà ń fi mímí ṣe, kì í ṣe omi tàbí iná gidi. Àwa tó ń wò ni wọ́n yà á fún, tí wọ́n fi ìlà dúdú nípọn yà á bí àwòrán tí àwọn ará Japan àtijọ́ ń fi pákó tẹ̀. Ẹni tó bá rò pé idán ni á máa béèrè ìdí tí omi kò fi pa iná.

Èyí tó wúlò jù ni ojú àwọn ànjọ̀nú. Méjìlá nínú wọn ló lágbára jù, mẹ́fà lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀, wọ́n sì kọ ipò wọn sínú ẹyinjú wọn. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kì í fìgbà gbogbo túmọ̀ rẹ̀. 上 ni òkè, 下 ni ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà wọn láti orí ení dé ẹ̀fà ni 壱, 弐, 参, 肆, 伍, 陸. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni agbára ṣe pọ̀ tó. Àwọn tòkè ní ìkọ̀wé nínú ojú méjèèjì, àwọn tìsàlẹ̀ nínú ojú kan ṣoṣo. Ẹni tó bá mọ èyí á ti mọ bí ewu ṣe tó kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Ẹ̀yin òbí, àwòrán aláwọ̀ mèremère yìí kì í ṣe ti ọmọdé. Orí ń já, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, wọ́n sì ń pa ọmọdé nínú apá kìíní. Ní Japan, PG12 ni wọ́n fún fíìmù Mugen Train. Ní Amẹ́ríkà, R ni. Entertainment District sì wà ní Yoshiwara, àdúgbò àwọn aṣẹ́wó. Mi ò ní fún ọmọ tí kò tíì pé mẹ́tàlá wò láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ti parí Infinity Castle, tí kò lè dúró de fíìmù méjì tó kù, ìwé àwòrán (manga) tí wọ́n ti mú eré náà wà. Koyoharu Gotouge ló kọ ọ́ tó sì yà á nínú Weekly Shōnen Jump, ìwé ìròyìn àwòrán ilẹ̀ Japan, láti oṣù kejì 2016 sí oṣù karùn-ún 2020: orí 205, ìdìpọ̀ 23. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdìpọ̀ 16, torí inú rẹ̀ ni Hashira Training ti parí tí ìjà Infinity Castle sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó ka díẹ̀ tí ẹ ti wò rí, ìyẹn sàn ju kí ẹ fò nǹkan. Ẹ má wá orúkọ ẹ̀dá ìtàn kankan lórí Google kí ẹ tó parí, torí ìlà àkọ́kọ́ tó máa jáde lè sọ bóyá ó kú tàbí ó yè. Láti ọ̀tún sí òsì ni wọ́n ń ka ìwé náà. Ẹni tó bá ṣí ìdìpọ̀ 23 bí a ṣe ń ṣí ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìparí ló máa kọ́kọ́ ṣí bá.