Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ gláídà lórí òkè Long Mynd

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK tó ń wù láti wa gláídà, ìyẹn bàálù tí ò ní ẹ́ńjìnnì, Long Mynd ni mo máa ní kẹ́ ẹ lọ, ní Shropshire, ò jìnnà sí Wales. Midland Gliding Club ló wà lórí òkè yẹn, 1934 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, pápá wọn sì ga tó nǹkan bí 1,400 fíìtì. Ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn dání o, òtútù ibẹ̀ kì í mọ̀ pé ìgbà ooru ni.

Ẹ kọ́kọ́ sanwó ẹ̀kọ́ ìdánwò kan ṣoṣo kẹ́ ẹ tó di mẹ́ńbà. Iwájú lẹ máa jókòó sí, tíṣà á wà lẹ́yìn yín, ọ̀pá ìdarí wà lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Wọ́n á bi yín léèrè kílò yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má parọ́, torí ìwọ̀n ẹni tó wà níwájú ló ń sọ bóyá gláídà á dúró dáadáa lófurufú.

Tẹ́ ẹ bá wá ti wọlé tán, ẹ yáa fi gbogbo ọjọ́ sílẹ̀. Ẹ máa ti gláídà, ẹ máa di etí ìyẹ́ ẹ̀ mú, ẹ máa kọ àkókò sílẹ̀ fáwọn tó ń fò, ìgbà tó bá kàn yín lẹ tó máa gòkè. Ẹni tó ní pátì lọ́sàn-án yẹn kó máa lọ pátì ẹ̀.

Wíńṣì ló ń fa gláídà sókè, ẹ́ńjìnnì ńlá kan lópin pápá tó ń ká okùn, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ báyìí imú ti kọjú sókè ẹ̀yin ti lẹ̀ mọ́ àga. Lójú tèmi, ibí gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Kẹ́ ẹ tó gbéra ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu, tókùn bá já kí lẹ máa ṣe? Ẹ ti ọ̀pá síwájú kí imú wálẹ̀, ẹ wo spídì, ẹ dúró kó pé, ìgbà yẹn lẹ tó máa ronú pé ṣé pápá ṣì kù níwájú kẹ́ ẹ bà síbẹ̀, àbí ẹ máa yípo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yí kí spídì tó pé, ewu ńlá ló ń fà. Lọ́jọ́ tẹ́ ò retí ni tíṣà á já okùn mọ́ yín lọ́wọ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ sùn ni.

Okùn òwú kékeré kan wà lára gíláàsì níwájú yín, òun ló ń fi hàn yín bóyá imú gláídà kọjú sí atẹ́gùn dáadáa. Tó bá tẹ̀ sósì, ẹ fẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ pẹ́dàlì, tó bá tẹ̀ sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ òsì ni.

Ní ti òkè fúnra ẹ̀, atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn ló ń kọlu ẹ̀gbẹ́ òkè, kò ríbi gbà kọjá ló bá gùn ún lọ sókè, inú atẹ́gùn tó ń gòkè yẹn la máa ń lọ síwá sẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí, ẹ kẹ̀yìn sí òkè, ẹ má kọjú sí i láé. Tẹ́ ẹ bá pàdé gláídà míì lójúkojú, ẹni tí òkè wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀ ló lọ̀nà, torí kò ríbi yà sí, ẹni kejì ni kó yà. Tátẹ́gùn bá ń kú, tẹ́ ẹ sì ti ń rẹlẹ̀ ju orí òkè lọ, ẹ má dúró máa gbàdúrà níbẹ̀, ẹ tètè wá pápá kan nísàlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣì ga tó láti yàn án.

Ọmọ ọdún 14 ti lè dá fò ní UK, tíṣà ló sì máa sọ ìgbà tó tó. Lọ́jọ́ tó bá bọ́ sílẹ̀ tó ní kẹ́ ẹ máa lọ, gláídà á fúyẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ torí ẹ̀yìn ti ṣófo, á yára gòkè, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà, spídì ni kẹ́ ẹ máa wò.